Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ohùn aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde nínú ìtọ́jú àti ìwádìí

Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SS tàbí SC, òbí wọn, nọ́ọ̀sì yàrá pàjáwìrì àti àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìṣègùn la kọ èyí fún. Fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) la mú ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìrora ni olórí ìyọnu inú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè wọn ìrora. X-ray kò rí i. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò rí i. PCV (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀) lè wà níbi tó máa ń wà, kí aláìsàn sì máa yí nílẹ̀.

Kí lẹ ń pè ní ohùn aláìsàn?

Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ẹni tó ń ṣàìsàn jáde, tí wọ́n kọ sílẹ̀, tí wọ́n sì fi ṣe ìpinnu. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ tí wọn ò kọ ọ́, nọ́ọ̀sì tó bá gba iṣẹ́ lálẹ́ kò ní mọ̀ pé wọ́n sọ ọ́ rí. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí aláìsàn ti ń sọ ibi tó ń dùn ún àti oògùn tó máa ń ràn án lọ́wọ́. Ó dé ibi tí ilé ìwòsàn ti ń ṣètò iṣẹ́ rẹ̀. Ó sì dé inú ìwádìí: ta ló yan ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ dáhùn, ta ló sì pinnu pé oògùn kan ṣiṣẹ́?

Èyí ò sọ aláìsàn di dókítà o. Dókítà ló mọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì pupa bá tẹ̀ bíi dòjé, tó há sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tóóró, tí ọ́síjìn kò sì dé iwájú mọ́. Aláìsàn ló mọ̀ pé ìrora tòní kò jọ tàná.

Kí ló dé tó jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde lẹ mú, kí ló dé tí kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru?

Nítorí pé ọ̀dọ̀ wa ló pọ̀ sí jù. Ní 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ pé nǹkan bíi 24% ọmọ Nàìjíríà ló gbé àbùdá náà, àti pé nǹkan bí 150,000 ọmọ tó ní àìsàn yìí là ń bí lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè yìí nìkan.

Orúkọ rẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ní 1910 ni dókítà James Herrick ní Chicago kọ nípa sẹ́ẹ̀lì tó rí bíi dòjé sínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn. Ẹni tó sọ àìsàn náà ní fòníkú-fọ̀ladìde kò ní ẹ̀rọ awò kankan. Ọmọ ló ń wò, ọmọ tí gbogbo ilé ń sunkún lé lórí lónìí, tó tún ń sáré kiri ní ọ̀la. Àwọn Gã ní Ghana ń pè é ní chwechweechwe, orúkọ tó ń tún ara rẹ̀ pè bí ìrora náà ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe nínú egungun.

Ẹ̀rí wo ló wà pé ohun tí aláìsàn mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ilé ìwòsàn ń rí?

Ìwádìí kan tó ń jẹ́ PiSCES, tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008, ló la ọ̀pọ̀ dókítà lójú. Èèyàn 232, láti ẹni ọdún 16 sókè, ló ń kọ ìrora wọn sílẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn mìíràn fún odidi oṣù mẹ́fà. Àkọsílẹ̀ náà jẹ́ ti ọjọ́ 31,017 lápapọ̀. Ìrora wà nínú 54.5% rẹ̀. Ọjọ́ tí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ pè ní crisis (ìgbà tí ìrora líle bá dé), ṣùgbọ́n tí kò jáde lọ gba ìtọ́jú, jẹ́ 12.7%. Ọjọ́ tí wọ́n lọ gba ìtọ́jú ńkọ́? 3.5% péré. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá àwọn èèyàn náà ni ìrora kì í fi sílẹ̀ rárá, tó jẹ́ pé ó lé ní 95% ọjọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ tó ń dùn wọ́n.

Iye ìgbà tí aláìsàn dé ilé ìwòsàn ni wọ́n sábà máa ń kà láti mọ bí àìsàn yìí ti le tó. Ẹni tó bá ń ka ìyẹn, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kà. Àádọ́ta tó kù, orí ẹní nílé ni wọ́n ti kọjá. Amẹ́ríkà nìyẹn o. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ fi owó ọkọ̀ kún un, ẹ fi dìpọ́sítì tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn kún un, ẹ tún wá fi ìbẹ̀rù pé wọn ò ní gba òun gbọ́ kún un.

Crisis gbé mi dé yàrá pàjáwìrì. Kí ni kí n sọ?

Ẹ tètè sọ ọ́ kí ìrora tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Bí ẹ bá lè sọ ọ́ báyìí, ó ti tó:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. SS ni mí. Crisis ti mú mi láti aago méjì òru. Itan méjèèjì àti ẹ̀yìn ló ń dùn mí, mẹ́jọ ni nínú mẹ́wàá. Mo lo paracetamol méjì ní aago mẹ́ta, mo lo ibuprofen kan ní aago márùn-ún, kò lọ. Àyà ò dùn mí, ara mi ò gbóná. Káàdì mi rèé."

Gbólóhùn tó sọ̀rọ̀ àyà àti ara gbígbóná yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe dà bíi pé ó rí lọ. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí ẹ ò lè mí dáadáa, bí ara bá gbóná, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá kú tàbí tí ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun ni kí ẹ fi ṣáájú, kí ìrora egungun tẹ̀lé e. Àwọn ọmọkùnrin tún máa ń tijú láti sọ pé nǹkan ọmọkùnrin àwọn le láti òru tí kò rọ̀. Ẹ sọ ọ́. Bó bá pẹ́ ju wákàtí mélòó kan lọ láìgba ìtọ́jú, ó lè ba nǹkan náà jẹ́ pátápátá.

Ohun tó yẹ kó wà lórí káàdì: orúkọ, genotype, ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀, PCV yín nígbà tí ara yín yá (ẹni tí tirẹ̀ máa ń wà ní 24 kò nílò kí wọ́n sáré fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára nítorí pé wọ́n bá 23), ìwọ̀n ọ́síjìn yín nígbà tí ara yá, oògùn tó máa ń ṣiṣẹ́ àti ìwọ̀n rẹ̀ ní mílígíráàmù, oògùn tí ara yín kọ̀, àwọn ewu tó ti ṣẹlẹ̀ rí, àti nọ́ńbà dókítà yín. Kí dókítà fọwọ́ sí i, kó sì kọ déètì sí i. Káàdì tí kò ní ìbuwọ́lù, bébà lásán ni lójú ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru. Ẹ máa tún un ṣe lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà.

Ní England, ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú níbẹ̀, gbé jáde ní 2012 sọ pé kí aláìsàn gba oògùn ìrora láàárín ìṣẹ́jú 30 tó bá wọlé, kí wọ́n máa bi í ní ìṣẹ́jú 30-30 títí ìrora yóò fi rọlẹ̀ débi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, lẹ́yìn náà kó má ju wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin lọ. Ìlànà náà ní kí wọ́n má fi pethidine, oògùn ìrora líle kan, tọ́jú crisis. Ó tún sọ pé kí wọ́n ka aláìsàn tàbí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sí onímọ̀ nípa àìsàn ara rẹ̀, kí wọ́n fetí sí i, kí wọ́n sì bá a jíròrò oògùn tí wọ́n fún un nígbà tó ṣe é kẹ́yìn. Kì í ṣe òfin ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí ẹ má fi han dókítà yín.

Báwo ni mo ṣe máa fi nọ́ńbà sọ ìrora?

Òdo ni pé kò dùn rárá. Mẹ́wàá ni èyí tó burú jù lọ tí ẹ lè rò. Ibi tó ti máa ń dà rú ni pé ẹni tí ìrora ti di ará ilé rẹ̀ lè sọ pé mẹ́jọ ni, kó sì máa tẹ fóònù lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì á ní irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́, fóònù ló fi ń tan ara rẹ̀ jẹ. Nítorí náà, ẹ má sọ nọ́ńbà nìkan, ẹ fi ohun tí ẹ ò lè ṣe mọ́ ọn: "Mẹ́jọ ni, mi ò lè dá dìde lọ sílé ìtura." Ẹ sì fi wé tẹ́lẹ̀: "Mẹ́fà ló wà nílé."

Èdè wa tún ní ohun tí nọ́ńbà ò ní. Egungun tó ń ro yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó ń gún. Ẹsẹ̀ tó ń ta bí ẹni fi ata sí i yàtọ̀ sí orúnkún tó ń lù kìkì. Ó ń jẹ mí, ó ń fà mí, ó ń kán mi: ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí ibìkan. Èyí tó ń ta, tó sì ń jó, lè jẹ́ ti iṣan ìmọ̀lára, oògùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Èyí tó ń gún nígbà tí èèyàn bá mí sínú ń pe dókítà sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sínú fáìlì bí aláìsàn ṣe sọ ọ́, ní Yorùbá, kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti di "body pains" nínú fáìlì, ó parí.

Kí ni kí n máa kọ sínú ìwé ìrora?

Ìwé ọmọ iléèwé olójú ewé ogójì ti tó. Ẹ pín ojú ewé sí márùn-ún: nọ́ńbà ìrora láàárọ̀ àti lálẹ́, ibi tó ti dùn, oògùn àti iye rẹ̀, ohun tí ẹ ò lè ṣe lọ́jọ́ náà, bí ẹ ṣe sùn. Bó bá ń gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ẹ ò ní ṣe é dọ́la.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn jókòó ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kílíníìkì, kó wá kọ ti odidi oṣù kan papọ̀. Ọjọ́ tó le jù àti ọjọ́ tó kẹ́yìn nìkan lèèyàn máa ń rántí. Àwọn ọjọ́ tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tó sì ń jẹ èèyàn run díẹ̀díẹ̀, á sọnù. Bí ẹ bá fo ọjọ́ kan, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ ṣírò rẹ̀ sórí bébà kan: iye ọjọ́ tí ìrora dé méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye ọjọ́ tí ẹ ò lè lọ síbi iṣẹ́ tàbí iléèwé, iye wóró oògùn tí ẹ lò. Dókítà tó ní èèyàn àádọ́ta níta kò lè ka ojú ewé ogójì, ṣùgbọ́n ó lè ka ìlà mẹ́ta.

Wọ́n ní oògùn ti di bárakú fún mi. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn aláìsàn ju abẹ́rẹ́ lọ. Ẹni tó ti ṣe crisis fún ogún ọdún mọ orúkọ oògùn tó ń ràn án lọ́wọ́, ó mọ iye mílígíráàmù. Bó bá jẹ́ alátọ̀gbẹ ló mọ ìwọ̀n insulin rẹ̀, wọn á yìn ín. Nítorí pé oògùn ìrora ni, wọ́n á máa wò ó bí olè.

Kí ara ti mọ oògùn lára débi pé ìwọ̀n àná kò ṣiṣẹ́ mọ́ yàtọ̀ sí bárakú. Bárakú ni pé èèyàn ń wá oògùn nígbà tí kò sí ìrora, tó ń ba iṣẹ́ àti ilé rẹ̀ jẹ́ nítorí rẹ̀. A ò ní parọ́: ó ń ṣẹlẹ̀, pàápàá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìrora líle tó ń jẹ́ pentazocine tí àwọn kan ń gún fúnra wọn nílé. Ẹni tó bá ti wọ inú rẹ̀ nílò ìtọ́jú fún ìyẹn náà, kì í ṣe èébú, kò sì yẹ kí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi crisis rẹ̀ sílẹ̀ láìtọ́jú.

Ohun tó ń dáàbò bo aláìsàn jù ni ètò tí dókítà ẹ̀jẹ̀ kọ nígbà tí ara yá: oògùn wo la ó kọ́kọ́ lò, èwo ló tẹ̀lé e, ìgbà wo la ó dáwọ́ dúró. Kí ẹ̀dà kan wà nínú fáìlì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín. Kí ẹnì kan ṣoṣo sì máa kọ oògùn líle fún yín.

Àìgba aláìsàn gbọ́ kò mọ sí Nàìjíríà. Ní London ní 2019, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 21 kan tó ní àìsàn yìí pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀, láti orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn tó wà, nítorí pé ó nílò ọ́síjìn. Ó kú. Ní November 2021, àwọn aṣòfin Britain láti oríṣiríṣi ẹgbẹ́ òṣèlú gbé ìròyìn kan jáde lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Orúkọ tí wọ́n sọ ìwé náà túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Ṣé òfin kankan wà lẹ́yìn mi ní Nàìjíríà?

Ó wà. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014, apá 23, ní kí wọ́n sọ ipò ìlera yín fún yín, àwọn ìtọ́jú tó wà, àǹfààní, ewu àti iye owó rẹ̀, àti ẹ̀tọ́ yín láti kọ̀. Ó fi kún un pé níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kó jẹ́ ní èdè tó yé yín, kí wọ́n sì ro bí ẹ ṣe mọ̀wé tó. Apá 30 fún yín láyè láti mú ẹ̀sùn wá lórí bí wọ́n ṣe ṣe sí yín, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀. Ìwé Ẹ̀tọ́ Àwọn Aláìsàn náà jáde ní 2018.

Bí ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, ẹ kọ ọ́ láàárín ọjọ́ méjì, kí ọ̀rọ̀ tó tutù: ọjọ́, aago, wọ́ọ̀dù, ohun tí ẹ sọ, ohun tí wọ́n fèsì, ohun tó tìdí rẹ̀ yọ. Ẹ má fi èébú kún un. Ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì SERVICOM (àwọn tó ń gba ẹ̀sùn lórí iṣẹ́ ìjọba) bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, tàbí sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìwòsàn. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Láìsí òǹtẹ̀, ẹ ò mú ẹ̀sùn kankan wá.

Ilé ìwòsàn wa fẹ́ máa gbọ́ ohùn aláìsàn. Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má fi àpótí ìdábàá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ara ń ro kì í kọ lẹ́tà, kọ́kọ́rọ́ àpótí náà sì sábà máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ fẹ̀sùn kàn.

Aago ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Fún ogún aláìsàn crisis tó bá kọ́kọ́ wọlé, ẹ kọ aago mẹ́ta sílẹ̀: ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ìgbà tí òṣìṣẹ́ ìlera kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, ìgbà tí oògùn ìrora àkọ́kọ́ wọ ara rẹ̀. Ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù, kí ẹ wo èyí tó bọ́ sí àárín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bi aláìsàn pé níbo ni àkókò lọ. Ó wọ́pọ̀ kó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì kọ́ ló fà á: ìlà káàdì ni, ibi ìsanwó ni, tàbí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn líle tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti lọ jẹun. Àtúnṣe rẹ̀ kò sì wọ́n: ìwọ̀n oògùn mélòó kan tí wọ́n tì pa sí yàrá pàjáwìrì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀, kí owó tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Bí ẹ bá fẹ́ fi aláìsàn sínú ìgbìmọ̀, ẹ má mú ẹnì kan ṣoṣo. Ẹnì kan láàárín ògbóǹtagí mẹ́wàá á kàn máa mi orí ni. Ẹ mú mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn má mọ Gẹ̀ẹ́sì, kí ọ̀kan jẹ́ òbí. Ẹ fi ìwé ìpàdé ránṣẹ́ ní ọjọ́ méje ṣáájú, ẹ san owó ọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ sì ní ẹni tó lè rọ́pò, nítorí pé crisis lè mú wọn lówùúrọ̀ ìpàdé.

Nínú ìwádìí, kí ni iṣẹ́ aláìsàn yàtọ̀ sí kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀?

Iṣẹ́ tó tóbi jù ni yíyan ohun tí wọ́n máa fi mọ̀ pé oògùn ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́ ìtàn voxelotor, oògùn fòníkú-fọ̀ladìde kan. Ní November 2019, FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fún un ní ìfọwọ́sí oníkíá nítorí pé ó ń gbé hemoglobin (èròjà inú sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé ọ́síjìn) sókè. Nínú ìwádìí rẹ̀, 51% àwọn tó ń lo mílígíráàmù 1,500 lójúmọ́ ni hemoglobin wọn fi ohun tó ju gíráàmù kan nínú dẹ́sílítà lọ sókè ní ọ̀sẹ̀ 24. Láàárín àwọn tó lo oògùn òfìfo, èyí tí kò ní oògùn gidi nínú, 7% ni. Nọ́ńbà tó wuyì ni. Ṣùgbọ́n iye crisis kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín wọn. Ní September 2024, Pfizer tó ni oògùn náà kó o kúrò lọ́jà káàkiri àgbáyé, ó ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ fi hàn pé àǹfààní rẹ̀ kò borí ewu rẹ̀ mọ́. Crisis àti ikú wà lára ohun tó tọ́ka sí.

A ò sọ pé aláìsàn ì bá ti rí ewu yẹn ṣáájú. Ohun tí a ń sọ ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí aláìsàn máa bi ni, "Ṣé ìrora mi á dín kù?" Ní February 7, 2014, FDA fúnra rẹ̀ ti pe àwọn tó ní àìsàn yìí jọ láti sọ ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ìrora ni wọ́n fi ṣáájú. Àárẹ̀ ara àti ìgbàgbé wà lára ohun tí wọ́n tún sọ. Wọn ò jókòó ka hemoglobin.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni ìtọ́jú àbùdá tí Britain àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ìparí 2023. Kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tún ṣe padà sára, wọ́n máa ń fi oògùn busulfan pa mùdùnmúdùn àtijọ́ inú egungun, busulfan sì lè mú kí èèyàn má lè bímọ mọ́. Nínú ìwé onímọ̀, ìlà kan nínú àwọn ewu ni. Lójú ìyàwó ilé ẹni ọdún 24, òun gan-an ni ọ̀rọ̀.

A fẹ́ túmọ̀ ìwé ìbéèrè sí Yorùbá. Ṣé olùkọ́ Yorùbá kan ò tó?

Kò tó. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé kí ẹni méjì túmọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sọ méjèèjì di ọ̀kan, kí ẹni kẹta tí kò rí ìwé àkọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n fi wéra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kà á fún aláìsàn márùn-ún sí mẹ́jọ, wọ́n á sì bi wọ́n pé, "Kí lẹ gbọ́ nínú ìbéèrè yìí?" Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn yìí làwọn èèyàn máa ń fò nítorí owó, níbẹ̀ sì ni gbogbo àṣìṣe ti máa ń hàn.

"Ó rẹ̀ mí" ni àárẹ̀. "Ó ń rẹ̀ mí" ni àìsàn. Sílébù kan ló wà láàárín wọn, ó sì lè sọ ìbéèrè nípa àárẹ̀ di ìbéèrè nípa àìsàn. "Àyà mi ń já" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀rù ló ń ba onítọ̀hún. "Àyà ń dùn mí" ló yẹ kó gbé dókítà dìde. Inú rírun àti inú bíbàjẹ́ jọ wà nínú inú kan náà. Bí ẹ bá béèrè bóyá ibà ṣe ẹnì kan, ó lè ro tẹ̀fọn nìkan, kó sì dáhùn pé rárá, nígbà tí ara rẹ̀ ń jó. Ẹ béèrè bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ẹ kọ "ọjọ́ méje sẹ́yìn", ẹ má kọ "ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn": àgbàlagbà kan lè máa ka ọ̀sẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ ọjà.

Àwọn iṣẹ́ tí ìwé náà dárúkọ ńkọ́? SF-36, ìwé ìbéèrè kan lórí ìlera, ní Gẹ̀ẹ́sì béèrè bóyá èèyàn lè ti ẹ̀rọ tó ń fa eruku ilẹ̀, tàbí kó gbá gọ́ọ̀fù. Ẹ fi ìyẹn bi ìyá alákàrà ní Òṣogbo! Ohun tí ìbéèrè náà ń wá ni agbára tí kò kéré tí kò sì pọ̀ jù. Gbígbálẹ̀ àgbàlá tàbí pípọn omi garawa kan á ṣe é. Kí ẹ sì rí i pé àwọn tí ẹ fi dán an wò kì í ṣe ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn nìkan. Ẹ wá ará Èkìtì, Ìjẹ̀bú àti Oǹdó síbẹ̀.

Ṣé wọn ò ní fi mí dán oògùn wò?

Ìfura yìí ní ìdí. Ní Kano ní 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn mẹ́nínjáítìsì, Pfizer fi oògùn rẹ̀ tuntun, trovafloxacin, ṣe ìwádìí lára ọmọ 200; ìdajì gba oògùn náà, ìdajì gba ceftriaxone tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Mọ́kànlá kú lápapọ̀. Ilé iṣẹ́ náà ní òun gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ òbí ní wọn ò sọ fún àwọn pé ìwádìí ni. Ẹjọ́ náà pẹ́ kó tó di pé wọ́n bá ìpínlẹ̀ Kano yanjú rẹ̀ ní 2009 lórí dọ́là mílíọ̀nù 75. Ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ìwà tó yẹ nínú ìwádìí ìlera jáde ní 2007, Òfin 2014 sì sọ pé ìyọ̀ǹda fún ìwádìí gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bèèrè: Ìgbìmọ̀ wo ló fọwọ́ sí ìwádìí yìí, nọ́ńbà wo ni wọ́n fún un? Ṣé gègé lẹ máa ṣẹ́ láti mọ ẹni tó máa gba oògùn àti ẹni tó máa gba òfìfo? Oògùn tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ńkọ́, pàápàá hydroxyurea tó ń dín crisis kù? Bí ara mi bá bàjẹ́, ta ló ń sanwó? Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ gbà, ibo lẹ ń gbé e lọ, ọdún mélòó ló máa wà níbẹ̀? Bí oògùn bá ṣiṣẹ́, ṣé mo ṣì máa rí i gbà tí ìwádìí bá parí? Ẹ lè jáde nígbàkigbà, ìtọ́jú yín kò sì gbọ́dọ̀ yí padà nítorí rẹ̀.

Olùwádìí tó mọ iṣẹ́ kì í béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé ó yé àwọn, nítorí ọ̀wọ̀. Á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un sọ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá yín nílé." Bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde bí ìtọ́jú, tí kò jáde bí ìwádìí, kó padà síbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ mi kò tíì lè sọ ìrora. Ohùn ta ni wọ́n máa gbọ́?

Tiyín. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó wú lè jẹ́ crisis àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì lè lo òṣùwọ̀n FLACC fún ọmọ oṣù méjì títí dé ọdún méje: ojú, ẹsẹ̀, ìṣesí ara, ẹkún, àti bóyá ó ṣeé rẹ̀ lẹ́kún, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òdo dé méjì, àpapọ̀ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ní, "Ẹkún yìí kì í ṣe ẹkún ebi," ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣé ó yẹ kí wọ́n sanwó fún aláìsàn tó ń bá wọn ṣètò ìwádìí?

Ó yẹ. Gbogbo ẹni tó jókòó nídìí tábìlì yẹn ló ń gbowó àyàfi òun. Ní 2022, ìlànà NIHR, àjọ tó ń náwó sí ìwádìí ìlera ní Britain, dárúkọ £25 fún wákàtí kan, £150 fún odidi ọjọ́. Ẹ wá iye tó bá ibi tí ẹ wà mu, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé owó tí kò sí níbẹ̀ kì í jáde nígbẹ̀yìn. Èyí yàtọ̀ sí owó fún ẹni tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lára rẹ̀. Tìyẹn, owó ọkọ̀, oúnjẹ àti àkókò ni, kó má pọ̀ débi pé á fi gbé ewu tí kò yẹ kó gbé.

Ìwádìí ti parí. Ṣé wọ́n jẹ mí ní èsì?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí oògùn náà ò bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́. Ojú ewé kan ní Yorùbá ti tó: ohun tí a béèrè, èèyàn mélòó ló kópa, ohun tí a rí, ohun tí a ò rí, ohun tó kàn. Fún ẹni tí kò lè kàwé, ohùn ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí WhatsApp. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù méjì lọ́wọ́ olúkúlùkù ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ti ara rẹ̀ àti ti mọ̀lẹ́bí kan, nítorí pé láàárín ọdún méjì, láìnì kan á ti sọnù. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà mọ̀lẹ́bí, ẹ rí i dájú pé onítọ̀hún gbà kí ẹni yẹn mọ genotype òun. Ọ̀pọ̀ kò tíì sọ ọ́ fún àna wọn.